Mágbọ́tiwọn

Aago méjì òru lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ́kún, l'Ákùúrẹ́.
Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti dákẹ́.
Mo kúnlẹ̀ ti ajá Bàbá Fámúrewá,
mo ki rọ́bà dókítà bọ etí,
mo gbé ojú rẹ̀ lé e níkùn,
mo ń wá ariwo.

Lánàá la yọ ṣúkù àgbàdo nínú ìfun rẹ̀, odindi.
Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Ajá jí. Ó ju ìrù.
Ṣùgbọ́n ikùn dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù jáde.

Mágbọ́tiwọn lorúkọ rẹ̀.
Àwọn ará Òkè-Àró ni bàbá fi ń bá wí
nígbàkúùgbà tó bá pe ajá rẹ̀ wálé.

Kí Dókítà Akínsúyì tó lọ sùn
ó ya àwòrán fún mi lẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára:
"Ògiri ìfun kì í ṣe ògiri lásán.
Àwọ̀n iṣan tín-ín-rín wà níbẹ̀,
ó ń rán iṣẹ́, ó ń jẹ́ iṣẹ́.
Oúnjẹ dé, sẹrotónínì á tú jáde: ẹ dìde, àlejò ti wọlé.
Ẹ̀yìn oúnjẹ á fún, iṣẹ́ asẹtilikolínì nìyẹn.
Iwájú á dẹ̀, iṣẹ́ ẹlòmíràn,
tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ìfun náà lọ.
Wọn kì í kọ́kọ́ ránṣẹ́ bi orí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n.
Níbo?

Ní Ondó, Dókítà, lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Líṣà,
ọdún Ògún, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ.
Àbúrò ìyá mi, Akínmádé, ti bẹ́ ẹ tán,
orí ti lọ sídìí irin,
àwọn àgbà ń retí lókìlí wọn.
Èmi ni wọ́n ní kí n gbé ìfun lọ fọ̀.
Mo da omi sí i nínú bàsíà.
Ìfun náà mira.
Ó sún kì, ó nà, ó ti ohun tó kù nínú rẹ̀ síwájú
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́
tí kò tíì gbọ́ pé ọ̀gá ti kú.

Mo figbe ta. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.
Ìyá àgbà ní kí n fi iyọ̀ sí i.
Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún, n kò tíì rí ẹni sọ fún
pé kì í ṣe ikú ló bà mí lẹ́rù.

A ní inú mi dùn, inú ń bí mi, inú rẹ̀ kò mọ́.
Orí kàn ń fọ́ wa ni.
Ta ló kọ́kọ́ bọwọ́ sínú ẹran,
tó rí i, tó fi di ọ̀rọ̀ sísọ?

Ti Ondó, orí lọ, ikùn ń ṣiṣẹ́.
Eléyìí, orí ń bẹ, imú tutù, ojú ń wò mí,
ikùn ló panu mọ́.
"A ti fọwọ́ kàn án jù," Dókítà wí,
"inú ń bí i. Ẹ jẹ́ kó bínú tán."

Aago mẹ́ta. Mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.
Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, mo gbọ́ kiní kan,
kò tó omi tó kán sínú ìkòkò.
Mo di èémí mú.
Òmíràn. Òmíràn tún tẹ̀lé e,
bí ìgbà tí ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jí,
ẹnì kan fa àga, ẹnì kan ń wá sálúbàtà.

Lẹ́yìn náà ó só.
Ó só gidi, irú èyí tí í múni ṣí fèrèsé.
Ó wá wò mí bí ẹni pé èmi ni.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi pe Bàbá Fámúrewá.
Kò kí mi. Ó ní, "Ó ti só?"
Mo ní ó ti só, bàbá.
Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan nínú òkùnkùn yàrá wọn:
ó ti só o, ó ti só.